Ọpọ́n Kì Í Dá Ifá: Olùkọ́ àti Ẹ̀rọ Ìgbàlódé

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹ̀rọ ìgbàlódé, ìbáà jẹ́ ní Sókótó tàbí ní Kàlàbá, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́kọ́ja. Èkíní ni pé ẹ̀rọ yóò ba àwọn ọmọ jẹ́. Èkejì ni pé kò sí iná, kò sí owó, ìjọba kò sì ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ẹ̀kẹta ni pé ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni a fi kọ́ àwọn tí ó di dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilẹ̀ yìí, nítorí náà ohun tí ó tó bàbá yẹ kí ó tó ọmọ. Àwọn olùkọ́ tí ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe òpè. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òtítọ́ náà ni ó sì mú kí wọ́n léwu. Nítorí pé irọ́ pátápátá kì í pẹ́ tú, ṣùgbọ́n àwáwí tí a fi òtítọ́ bò lára a máa pẹ́ nílẹ̀ ju ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ dájú ni pé ẹ̀rọ ti dé. Kò dúró gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wà lọ́wọ́ ìyá tí ń ta ata lọ́jà, ó wà lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ọmọ náà bá ti dé ilé. Bí olùkọ́ bá ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ ọn, ẹ̀rọ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ kú síta. Yóò máa kọ́ ọmọ náà ní ohun tí ó bá wù ú lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, láìsí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ìbéèrè tí ó kù kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá ẹ̀rọ náà níwájú ọmọ? Ipò tí olùkọ́ bá kọ̀, oníṣòwò yóò gbà á.

Kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò. Kò sí ohun-èlò kan nínú kíláàsì òní tí kò jẹ́ àjèjì nígbà kan rí. Wàláà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú ń kọ Àlùkùránì sí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní allo, láti òkè aṣálẹ̀ ni ó ti wá. Síléètì, pátákó dúdú, pẹ́ńsùlù àti ìwé títẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé wọn dé. Ní ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ ohun titun sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó wà ní ìlú náà. Àwọn tí ó mọ èdè náà ì bá ti dúró lókèèrè kí wọ́n máa wò ó. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àti Samuel Àjàyí Crowther tí ó ṣáájú wọn jókòó ti iṣẹ́ náà: wọ́n wá ọ̀nà tí a ó fi kọ èdè náà sílẹ̀, wọ́n ṣe ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń túmọ̀ Bíbélì díẹ̀díẹ̀ títí odidi rẹ̀ fi pé ní ọdún 1884. Gbogbo olùkọ́ tí ó ń fi ìwé Yorùbá kọ́ni lónìí, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́, ìbáà jẹ́ mùsùlùmí, iṣẹ́ àwọn ènìyàn tí kò sá fún ẹ̀rọ titun ni ó ń jẹ.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí ó súnmọ́ ìgbà tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí iye wọn lé ní 450,000 ní ọdún 1954 di èyí tí ó lé ní 800,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáradára kò tó wọn rárá. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí ìjọba ọjọ́ náà sọ pé òun torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe èyí kò sọ pé ó di ìgbà tí iná bá kárí gbogbo abúlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ bá ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ, ó di dandan kí a wá ọ̀nà tí ohùn olùkọ́ rere kan yóò fi dé kíláàsì púpọ̀.

Kí ni ó wá fà á tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ti kó wọ ilé-ìwé láti ìgbà náà fi já ìrètí àwọn ènìyàn kulẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. A máa ń gbé ẹ̀rọ fo olùkọ́ kọjá lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ní ọdún 2007, nǹkan bí 300 kọ̀ǹpútà alágbèéká kéékèèké dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Àbújá, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ One Laptop per Child ti Amẹ́ríkà. Èrò tí ó wà nídìí ètò náà ni pé bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò lè kọ́ ara rẹ̀ ní ohun púpọ̀. Ọdún náà kò tíì parí tí ìwé ìròyìn fi gbé e jáde pé àwọn ọmọ kan ti ń fi ẹ̀rọ náà wo àwòrán ìhòòhò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí a bá kó ọmọ ọdún mẹ́wàá wọ ilé-ìkàwé tí ó kún fún ìwé rere àti búburú, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ olùkọ́ síta, ibi tí ojú ọmọ náà yóò kọ́kọ́ lọ kò ṣòroó mọ̀.

Ní ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Wọ́n kó ìwé kíkà àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà dára púpọ̀, ó tilẹ̀ jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ti wo ibi tí a ti ń dá Ifá rí yóò mọ̀ pé ọpọ́n kì í dá Ifá. Ọpọ́n lè wà nílẹ̀, kí ìyẹ̀ròsùn wà lórí rẹ̀, kí ikin àti ìrọ́kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí babaláwo kò bá jókòó tì í, igi gbígbẹ́ lásán ni. Ọdún gbọọrọ tí babaláwo fi kọ́ ẹsẹ Ifá ni ó ń mú kí ọpọ́n sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọpọ́n ìmọ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú ariwo tí ó máa ń bá irú ètò báyìí rìn ní ilẹ̀ yìí, iye ẹ̀rọ ni a máa ń gbọ́; iye ọ̀sẹ̀ tí a fi kọ́ olùkọ́ ní bí yóò ṣe lò ó kì í sábàá jáde nínú ìwé ìròyìn.

Fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Benin ní ọdún 2024. Báńkì Àgbáyé ṣe ètò kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ń dúró lẹ́yìn ìwé láti fi ẹ̀rọ olóye àtọwọ́dá, èyí tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ kò sí níta. Olùkọ́ ni ó ń darí ìjókòó náà, ó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà nípa ohun tí wọn yóò béèrè, ó sì ń mú wọn ronú sí èsì tí ẹ̀rọ bá fún wọn. Nígbà tí a dán wọn wò ní ìparí, àwọn tí ó kópa ṣe dáradára ju àwọn tí kò kópa lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí a fi pamọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù tí ó sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí irú rẹ̀. Ohun tí kò sí lórí fóònù ni olùkọ́.

Wàyí o, kí a padà sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Àwọn tí ó sọ pé ẹ̀rọ ń ba ọmọ jẹ́ lè ka ẹ̀rí púpọ̀ sílẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ní ọdún 2023 ìjọba Sweden, tí ó ti kó ẹ̀rọ wọ ilé-ìwé rẹpẹtẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó láti dá ìwé títẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n lè sọ pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ti fi òfin de fóònù ní ilé-ìwé. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Fóònù lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ìdíwọ́. Kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù lọ́wọ́ olùkọ́ jẹ́ ohun mìíràn, àwọn tí ó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀wọ́ kìíní da ti ọ̀wọ́ kejì lẹ́bi kò dájọ́ òdodo. Ní ti Sweden, ọmọ tí ó ní kí òun padà sínú ìwé níbẹ̀, ìwé wà tí ó ń dúró dè é. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ilẹ̀ yìí, níbi tí ọmọ mẹ́fà ti ń na ọrùn wo ìwé kan ṣoṣo, inú ìwé wo ni a ní kí ó padà sí? Ẹni tí ó ti yó lè ti àwo ẹran sẹ́yìn. Kò yẹ kí ẹni tí ebi ń pa fi tirẹ̀ wé e.

Ọ̀rọ̀ kejì, èyí tí ó jẹ mọ́ iná àti owó, ni ó wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìjọba tí ó bá kó ẹ̀rọ wá láìmú iná wá, irin ọkọ́ láìsí igi rẹ̀ ni ó gbé fún àgbẹ̀. Kò sì dára kí olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun máa fi nínú rẹ̀ ra ohun tí ó yẹ kí ìjọba rà. Ó yẹ kí a sọ èyí, kí a sì tún un sọ. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń béèrè iná ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé pa, Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn mìíràn gbé ẹ̀kọ́ sórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán. Rédíò kékeré tí ń lo bátìrì, tí bàbá àgbà fi ń gbọ́ ìròyìn nínú ọgbà kòkó, di pátákó ìkọ̀wé fún àwọn ọmọ kan. Nígbà tí ilé-ìwé tún ṣí, kí ni ó dé tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi gbé rédíò tì, àfi bí ẹni pé òun náà ló kó àrùn náà wá?

Kí a tilẹ̀ fi rédíò sílẹ̀ ná, kí a mú fóònù tí ó wà nínú àpò olùkọ́ nísinsìnyí. Láti ọdún 1977 ni Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta ilẹ̀ yìí ní àfikún sí èdè tirẹ̀. Nítorí náà ni olùkọ́ Yorùbá kan fi lè bá ara rẹ̀ níwájú ọmọ Ígbò, ọmọ Hausa àti ọmọ Tiv. Ó kọ igba, igbá, ìgbà, ìgbá àti igbà sójú pátákó. Èkíní ni iye tí ó tẹ̀lé ọgọ́rùn-ún méjì dín kan, èkejì ni èyí tí a fi ń bu omi, ẹ̀kẹta ni àkókò, ẹ̀kẹrin ni èso tí a ń jẹ, ẹ̀karùn-ún ni okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ kan náà ni márààrún. Kò sí iye ṣọ́ọ̀kì tí ó lè mú ohùn jáde lára pátákó. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá ti fi fóònù gba ohùn ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáradára sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ó wá gba ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kí ó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ó ti ṣì í, iṣẹ́ oṣù kan ni ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan. Kò lo íntánẹ́ẹ̀tì. Kò béèrè iná lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ Hausa ní Ẹnúgu àti olùkọ́ Ígbò ní Kánò lè ṣe bákan náà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò ní ohunkóhun ní ilé-ìwé rẹ̀ lè fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ọmọ bí ọkàn ènìyàn ti ń ṣí tí ó ń pa dé, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó lè pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ bí wọ́n bá pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ti àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ti tó. Òtítọ́ ni pé wọ́n mú àwọn ènìyàn ńlá jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka àwọn tí ó gúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ka àwọn tí ó rì pẹ̀lú. Ọmọ mélòó ni ó jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, tí kò lè ka lẹ́tà títí di òní? Ọmọ tí orí rẹ̀ pé yóò mọ̀wé bí a bá fi èédú kọ ọ́ sára ògiri fún un. Nítorí ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé ni a ṣe ń wá ohun-èlò. Òun ni ó nílò kí a tún ohun kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìkanra mọ́ ọn; ó máa ń rẹ olùkọ́, ẹ̀rọ kì í sì í bínú. Ẹni tí ó ń fi bàbá rẹ̀ yangàn pé ọkọ́ ni ó fi roko kò gbọdọ̀ gbàgbé pé nígbà tí bàbá náà ń roko, ọkọ́ tí ó mú jù lọ́jà ni ó rà.

Ìdí kan ṣì kù, ó sì kan àwọn olùkọ́ èdè ju gbogbo ènìyàn lọ. Nínú ohun tí àwọn ènìyàn bá ti kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ olóye àtọwọ́dá ti ń kọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí yanrìn etí òkun; ti Yorùbá, Hausa, Ígbò, Tiv àti Kanuri kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó sì wà níbẹ̀, a kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe lè pe ọkọ́ ní ọkọ̀, tí ó sì lè pa òwe tí àgbà kan kò pa rí fún ọmọ. Ọmọ yóò gbà á gbọ́ bí kò bá sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ pé irọ́ ni. Àwọn kan ń sọ pé èdè abínibí ṣòroó tẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ìṣòro tirẹ̀: nínú ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ tí ó ní àmì òkè lórí kò sí gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan, a ní láti tẹ ẹ kí a tó gbé àmì lé e. Ṣùgbọ́n àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá ti wà fún fóònù àti fún kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè kọ́ ìlò rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Olùkọ́ èdè tí kò lè tẹ èdè tí ó fi ń jẹun, akọ̀wé tí kò mọ kálàmù mú ni. Bí àwọn tí ó mọ èdè kò bá kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ bí ó ti tọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n yóò kọ ọ́ bí ó ti wù wọ́n, ọmọ ọ̀la yóò sì rò pé bí ó ti wà ní àtètèkọ́ṣe nìyẹn.

Ẹ̀bi náà kò dá dúró lé olùkọ́ lórí. Alábẹ̀wò ilé-ìwé tí ó dé, tí ó béèrè ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́, tí ó ka ojú-ewé rẹ̀, tí ó wo ọjọ́ tí a kọ sí i, tí ó sì lọ láìjókòó wo bí ẹ̀kọ́ ti ń wọ ọmọ lára, òun gan-an ni ó kọ́ olùkọ́ pé ìwé ṣe pàtàkì ju ọmọ lọ. Bí irú alábẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá bá olùkọ́ tí ó gbé rédíò sórí tábìlì, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ta ni ó fún un láṣẹ. Ìwà yìí gbọ́dọ̀ parí. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí mọ́ bí kò bá tíì fi ojú ọmọ gidi kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ kọ́ni. Kí ìjọba má ra ẹyọ ẹ̀rọ kan láìkọ́kọ́ ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ẹni tí yóò lò ó. Kí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sì máa béèrè fún èyí bí wọ́n ti ń béèrè fún owó oṣù, nítorí pé ẹ̀tọ́ ni òun náà.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ní òun yóò dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé, ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ kò ní bá a dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ọmọ náà yóò ti jáde, pẹ̀lú ohun tí ó bá rí gbà. Kí olùkọ́ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní sáà yìí, èyí tí àwọn ọmọ ń kùnà jù. Kí ó wá ohùn kan tàbí àwòrán kan tí ó lè là á yé wọn. Kí ó lò ó, kí ó dán wọn wò, kí ó sì sọ bí ó ti rí fún olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì kejì. Bí kò bá wúlò, kí ó gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ẹni tí ó ní kí a máa bọ ẹ̀rọ. Bí ó bá sì wúlò, ọmọ kan tí ì bá rì ti gúnlẹ̀ nìyẹn.

Ọpọ́n ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti jókòó yí i ká. Ẹni tí yóò dá Ifá ni wọ́n ń retí.